Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Jẹ Bàbá Akín

Ògbómọ̀ṣọ́,
12 Oṣù Kìíní, 2024.

Káyọ̀dé ọmọ mi,

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ níbí láti ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo ètè ti là, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sì ti gbẹ kanrangandan. Mo kí ọ, mo kí Péjú ìyàwó rẹ. Ara mi le, bí a bá yọ ti etí kúrò. O mọ̀ pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ìyàwó pásítọ̀ yín tó wá kí ìyá rẹ̀ ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ ní Atlanta, nítorí náà má sọ pé o kò rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ó di oṣù méjì tí a sin bàbá rẹ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, níwájú gbogbo ẹbí, o dé ọ̀dọ̀ Bàbá Akín, àbúrò bàbá rẹ, olórí ẹbí wa, o dúró ṣánṣán, o mi orí díẹ̀, o ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Sà! Ẹni tó gbé ọ jó lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ! Mo ní bóyá o máa dọ̀bálẹ̀ tí a bá délé. A délé, o tún kí i lórí ìdúró. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà!

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Akín kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi. O mọ̀ bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀: yóò fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, yóò jókòó, yóò mu ẹ̀kọ gbígbóná, yóò bú ìjọba, yóò máa lọ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, mo ní ó kéré tán, ó ku ẹnì kan tí a ó jọ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, mo ń po ẹ̀kọ fún ara mi nìkan. Ó sì ti sọ pé òun kò ní gbàdúrà níbi ìrántí ọdún kan bàbá rẹ ní oṣù kọkànlá, àfi bí o bá wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún òun níwájú gbogbo àwọn tó rí ìdúró rẹ.

Ṣé Amẹ́ríkà ló sọ ẹ̀yìn rẹ di irin ni? Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.


Ellenwood, Georgia,
3 Oṣù Kẹta, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé yìí kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìdánìkanwà. Ìyàwó pásítọ̀ fún mi ní lẹ́tà yín lójú gbogbo ìjọ, ó ní ẹ ní kí n ṣí i níwájú òun.

Ní ti Bàbá Akín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìrìn àjò yẹn ló rẹ̀ mí, ọkọ̀ òfuurufú méjì, ìdúró wákàtí mẹ́jọ láàrin. N kò gbèrò ibi sí wọn. Mo fi bísíkítì ránṣẹ́, àti ìpara tí ẹ fẹ́ràn, àti súwẹ́tà kan. Fìlà dúdú tó wà nísàlẹ̀ àpò náà, ti Bàbá Akín ni.

Iṣẹ́ ọsibítù kò fún mi láyè, ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kúrú.

Ọmọ yín,
Olúkáyọ̀dé.


Ògbómọ̀ṣọ́,
30 Oṣù Kẹta, 2024.

Káyọ̀dé,

Ẹrù rẹ dé. Mo fi bírò pupa máàkì lẹ́tà rẹ bí mo ṣe ń máàkì ti gbogbo ọmọ: méjì nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan fún ìkọ̀wé rẹ tó mọ́, ọ̀kan fún bísíkítì. Ìbéèrè tí mo bi ọ́ kọ́ lo dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo lò níbí. Ṣé ọkọ̀ òfuurufú máa ń rẹ ènìyàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ni? Mo ń wò ọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àpótí ìdáná tí o ti ń jókòó lé láti kékeré, o kò jókòó lé e. O ní kí wọ́n gbé àga wá. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ bọ́ sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà lo pè pé kó wá bá ọ mú un. Ọ̀gá ńlá!

Mo gbé fìlà náà lọ fún Bàbá Akín. Ó ní kí n gbé e padà, pé òun kò wá fìlà, ọmọ ni òun ń wá. Ìwọ sì ń dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé. Ṣé bébà ní àyà tí yóò fi kanlẹ̀ ni?

Má fi ẹrù mìíràn ránṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Ellenwood,
9 Oṣù Kẹfà, 2024.

Màámi,

Ẹ dárí jì mí pé ó pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya.

Òtítọ́ rèé: n kò lè dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé n kò fẹ́. Iṣẹ́ ọsibítù tí mo sọ fún yín kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Èmi ni mò ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga lọ sí balùwẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, bàbá kan fẹ́ ṣubú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbá a mú, kò ṣubú, ṣùgbọ́n nǹkan já nínú ìbàdí mi bí okùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ kọjá orúnkún, n kò lè dìde mọ́. Péjú ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú Bàámi, mo wo ilẹ̀ níwájú Bàbá Akín, mo mọ̀ pé bí mo bá lọ sílẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta ni yóò gbé mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí bàbá mi. Ìtìjú mú mi. Mo ní kí wọ́n kúkú pè mí ní agbéraga. N kò sọ fún yín nítorí ẹ ti ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀gá ni mí níbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ mi kù nítorí ẹ̀yìn yìí, ìyẹn sì gba inṣọ́ránsì tó ń sanwó ìwòsàn lọ́wọ́ mi, n kò lè lọ sọ́dọ̀ dókítà. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ fún Péjú nípa kíníìkì ọ̀fẹ́ kan tó máa ń ṣí ní Sátidé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ló ni ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tọ́jú aláìsàn, dókítà àgbà á dúró tì wọ́n. Wọ́n ń kọ́ oògùn àti iṣẹ́ abẹ bíi dókítà yòókù, ṣùgbọ́n irú tiwọn tún ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ lásán wá ibi tí iṣan àti eegun ti há, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Hephzibah ni orúkọ ẹni tó ń tọ́jú mi. Ọmọ Yorùbá ni, ìlú Grayson nítòsí wa níbí ni wọ́n bí i sí. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí mi, ó pa ojú dé, ó ní, "Uncle, ẹ breathe in. Ẹ jẹ́ kó jáde slow-slow. Ehn, I can feel it, ibí yìí tight gan-an." Màámi, láti oṣù mẹ́sàn-án, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí gan-an. Mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì wọn bí ọmọdé.

Ọmọ yín tó purọ́ fún yín,
Olúkáyọ̀dé.


Ògbómọ̀ṣọ́,
2 Oṣù Keje, 2024.

Káyọ̀dé mi, àkọ́bí mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo sunkún. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n èmi ìyá rẹ ni o ń fi àìsàn pamọ́ fún? O jẹ́ kí n pe ẹ̀yìn tó ń ro ọ́ ní irin! N kò mọ bí n ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà.

Ta ló sì ní kí ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́? Lọ́fẹ̀ẹ́! Ṣé ìwọ wá di síléètì, tí wọ́n á máa kọ, tí wọ́n á máa pa rẹ́? Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn, mo sì sọ ọ́ kíkankíkan, nítorí ẹyẹlé nìkan ló wà nílé.

Ṣùgbọ́n mo ronú. Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n rán mi lọ sí kíláàsì kan tí ọmọ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo olùkọ́ ti sọ pé olódo ni. Èmi tí n kò tí ì mọ nǹkan kan ni mo rí i pé ojú ọmọ náà ni kò ríran dé pátákó. Mo gbé e jókòó síwájú, ó sì gba ipò kẹta ní ìparí ọdún. Àwọn ọ̀gá mi ti mọ ìdáhùn kí wọ́n tó wo ọmọ náà. Èmi ò mọ̀ ọ́n, ni mo ṣe wò ó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Jẹ́ kí àwọn ọmọ náà ki ọwọ́ bọ kèrègbè ẹ̀yìn rẹ.

Mo fẹ́ lọ ṣàlàyé fún Bàbá Akín kí ọ̀rọ̀ tán. Ara rẹ ni, mò ń dúró de àṣẹ rẹ. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún lẹ́tà rẹ.

Ìyá rẹ.


Ellenwood,
11 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun fún máàkì mẹ́jọ. Péjú ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún Bàbá Akín. Àwáwí ni wọ́n máa pè é. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti dúró, ojú gbogbo ẹbí ni mo fẹ́ ti lọ sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíníìkì. Dókítà àgbà, obìnrin Amẹ́ríkà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí ara mi lè ṣe. Gbogbo aláìsàn ni wọ́n ń bi. Bàbá tó ṣáájú mi ní òun fẹ́ lè gbé ọmọ-ọmọ òun. Èmi náà sọ tèmi tààrà: "I want to lie face down on the ground for my uncle."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó fa àga súnmọ́ mi, ó rọ ohùn, ó ní, "Sir, do you feel safe at home?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ìlú yìí ni uncle náà ń gbé. Ó bi mí ìgbà tó ti ń mú mi ṣe é. Mo ní láti kékeré. Màámi, ó ní kí wọ́n lọ pe obìnrin tó ń gba àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé sílẹ̀!

Hephzibah wọlé lásìkò yẹn. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "No, Doctor! It's how we greet!" Kí n tó la ẹnu, ó ti na gbalaja sílẹ̀ tòun ti kóòtù funfun. Mo kígbe, "Hephzibah! Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni tìẹ!" Ó gbójú sókè látilẹ̀, ó ní, "Uncle, I know now! Ẹ jọ̀ọ́, I'm demonstrating!"

Dókítà yí i po, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ìbàdí, ó wo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni èyí fún ẹ̀yìn ènìyàn. Ó wá kọ ọ́ sínú fáìlì mi: kí aláìsàn yìí lè dọ̀bálẹ̀ pátápátá fún àbúrò bàbá rẹ̀, kí ó sì dìde láìsí ìrànlọ́wọ́. Wọ́n fún mi ní eré ìdárayá mẹ́fà tí n ó máa ṣe nílé.

Ó ku oṣù mẹ́ta. Ẹ gbàdúrà fún mi.

Ọmọ yín,
Olúkáyọ̀dé.


Ògbómọ̀ṣọ́,
1 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọmọ mi,

Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará ilé kejì wá wò mí. Kí Ọlọ́run bù kún ọmọbìnrin náà àti kóòtù rẹ̀.

Mo ti gbọ́. N kò ní sọ fún Bàbá Akín, mo ṣèlérí. Ó kọjá lójú ọ̀nà lánàá, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀kọ mi ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé, bí ẹ̀yìn náà bá kọ̀, wá bẹ́ẹ̀. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Bí o bá wá lórí ìdúró, lórí ìdúró ni n ó gbà ọ́ mọ́ra.

Ìyá rẹ.


Ellenwood,
13 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Màámi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Péjú wà níbi iṣẹ́. Mo tẹ́ ara mi sílẹ̀ ní pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, inú mi dùn. Mo fẹ́ dìde. Ẹ̀yìn mi ní rárá! Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Fóònù wà lórí tábìlì, ó ń dún, mò ń wò ó. Ọ̀kan nínú bísíkítì yín tí mo rà lóṣù kejì wà lábẹ́ àga, èmi àtòun jọ ń wo ara wa. Péjú wọlé, ó kígbe "Jésù!" Nígbà tó rí i pé mo wà láàyè, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Bàbá Akín ti dáhùn tàbí wọn ò tíì dáhùn?" Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé mi dìde tán, mo ní mo ti pa á tì, n kò lọ sílé mọ́.

Péjú ló wakọ̀ gbé mi lọ sí kíníìkì ní Sátidé. Hephzibah gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Uncle, ọ̀nà tí ẹ ń gbà dìde ni problem. Ẹ̀yìn lẹ fi ń dìde bíi twenty-year-old." Ó ní òun ti ń dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá òun láràárọ̀ láti wá ọ̀nà mìíràn fún mi. Kí n kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n gbé ọwọ́ lélẹ̀. Kí n fa orúnkún kan wá sábẹ́ ara mi, kí n mí sóde, kí ẹsẹ̀ gbé mi dìde. Ó fọwọ́ ti ìbàdí mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó yọ ọ́ kúrò. Màámi, mo dìde! Gbogbo àwọn tó wà lórí àga ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Amẹ́ríkà tó fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́ òun náà.

Lánàá mo tún ṣe é. Dókítà àgbà gbà kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fún mi láyè lẹ́yìn ìrìn àjò tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo àgbà ẹbí jọ sójú kan, kí ìdọ̀bálẹ̀ kan kárí wọn.

Mò ń bọ̀.

Olúkáyọ̀dé.


Ellenwood,
8 Oṣù Kejìlá, 2024.

Màámi ọ̀wọ́n,

A délé láyọ̀. Ẹ̀yìn mi fara da ọkọ̀ òfuurufú méjèèjì. Èmi fúnra mi ni mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mi láàárọ̀ yìí.

Mo lọ sí kíníìkì lánàá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: bí ẹ ṣe to àwọn àgbà sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ ilé-ìwé níbi ìrántí Bàámi, Bàbá Akín láàrin, ọ̀pá lọ́wọ́. Bí mo ṣe lọ sílẹ̀, ọwọ́, orúnkún, àyà, títí imú mi fi kan iyanrìn. Mo sọ bí mo ṣe dúró kí Bàbá Akín sọ pé "Dìde" tí wọn kò sọ nǹkan kan. Mo ka Sáàmù kẹtàlélógún tán nínú ọkàn mi, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ ìyà í fi jẹ ènìyàn o! Mo ní wọ́n ń gba ìyà ọdún kan lára mi ni, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá sọ pé "Dìde", mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fa orúnkún, mo mí sóde, mo dìde! Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí.

Hephzibah ń fò sókè sódò. Dókítà ṣí fáìlì mi, ó ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun tí aláìsàn yìí ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti ní kí n máa kọ́ àwọn tuntun bí a ṣe ń gbé arúgbó láìfi ẹ̀yìn gbé e.

Ẹ bá mi kí Bàbá Akín. Ẹ ní mo ti dárí ìyà náà jì wọ́n.

Ọmọ yín,
Olúkáyọ̀dé.


Ògbómọ̀ṣọ́,
4 Oṣù Kìíní, 2025.

Káyọ̀dé, ọmọ tó ṣe mí lóore,

O kú ọdún o. Ó yẹ kí n sọ ohun tí o kò rí fún ọ, nítorí ojú rẹ wà nílẹ̀.

Ìlérí tí mo ṣe fún ọ ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo lè pa á mọ́. Mo gba ilé Bàbá Akín lọ, mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí, láti orí ìbàdí tó já dé orí kóòtù funfun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé nítorí tèmi lọmọ yìí ṣe ń kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ìrìn?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ̀wé pé ó ti dárí jì ọ́, kí o má wulẹ̀ ṣe é mọ́. Ó ní rárá, kí n má jẹ́ kí o mọ̀ pé òun gbọ́, pé òun kò ní gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kó kúkú máa bọ̀ wá mu ẹ̀kọ. Ó ní ojú ń ti òun, òun kò ní wọ ilé mi àfi lẹ́yìn tí òun bá ti rí ọ dìde.

Nígbà tí àyà rẹ kanlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó la ẹnu láti sọ pé "Dìde", omijé ló jáde. Kò sí ìyà kankan níbẹ̀, Káyọ̀dé. Ó ń sunkún, kò tètè rí ohùn. Ó na ọwọ́ láti fà ọ́ dìde, èmi ni mo gbá ọwọ́ náà mú. Mo rọra sọ sí i létí pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó ṣe é." Nígbà tí o fi máa gbójú sókè, ó ti fi agbádá nu ojú.

Mo ti máàkì gbogbo wa. Hephzibah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, sọ fún wọn pé ọ̀gá olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ gba mẹ́sàn-án, nítorí o purọ́ fún mi. Èmi náà gba mẹ́sàn-án, nítorí mo purọ́ fún ọ.

Bàbá Akín ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn ọmọ náà ń wo orúnkún. Ó fẹ́ kí n kọ bí tirẹ̀ ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ tán lónìí. Ẹ̀kọ ti ń hó lórí iná, mo po ti ẹni méjì. Etí mi kò gbọ́ ọ̀pá mọ́, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn bí mo ti ń kọ èyí, ó sì ti mì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá rẹ.